Ẹ Jẹ́ Kí Mọ́tò Yín Sùn Nígbà Òtútù

Mo fẹ́ràn mọ́tò mi ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò ní purọ́. Mazda Miata ni, convertible, irú èyí téèyàn lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ síni lórí. Àmọ́ Chicago ni mò ń gbé. Tí oṣù November bá ti ń parí lọ, inú gáréèjì ilé ló ń wọ̀, ó di April.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má baà kú. Mo gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, mo tan án láìṣí ilẹ̀kùn gáréèjì. Kò pẹ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, tí èébì ń gbé mi. Ìyàwó mi ló wá ṣílẹ̀kùn.

Carbon monoxide nìyẹn o. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ lágbára ju ti oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, torí náà oxygen ò ní ráyè. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ní Nàìjíríà.

Ká tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, èrò tèmi ni pé àṣà yẹn ò ṣe mọ́tò láǹfààní. Tí lítà epo bẹntiróòlù kan bá jóná, nǹkan bíi lítà omi kan ló ń mú jáde, torí hydrogen inú epo ń pàdé oxygen inú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá rìnnà jìn, ooru á lé omi náà dà nù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè ṣe é. Omi á jókòó sínú sálẹ́ńsà, irin á dógùn-ún, òmíràn á wọnú ọ́ìlì. Ṣẹ́ ẹ rí i, omi lọ̀tá wa gan-an.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Mo máa ń fọ mọ́tò, màá jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Mi ò ní ká òrùlé sẹ́yìn: aṣọ tó tutù tí wọ́n ká pa mọ́ á bu. Màá pààrọ̀ ọ́ìlì, torí ásíìdì àti omi wà nínú èyí tá a ti lò. Màá rọ epo kún táǹkì, màá fi oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, màá sì wà á díẹ̀ kó lè dé inú ẹ́ńjìnnì. Màá fẹ́ afẹ́fẹ́ kún táyà. Mi ò ní fa háńdì bíréèkì, kó má lẹ̀ pọ̀. Igi ni màá fi há táyà. Bátìrì á wà lórí ṣájà kékeré tó ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, torí bátìrì tó ti kú lè di yìnyín.

Àìsí nílé ológbò, ilé dilé èkúté: màá fi wáyà tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò dí ẹnu sálẹ́ńsà, màá sì so ìwé mọ́ sítíárìn kí n má baà gbàgbé láti yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀! Tó bá wù yín láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ wo fídíò. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra nǹkan ẹ̀ṣọ́ fún un, ẹ kọ́kọ́ fi ra aago tó ń ké tí carbon monoxide bá wà nílé. Mọ́tò ṣe é pààrọ̀.