Ta Ló Ní Tábìlì Káfíńtà Kì Í Ṣe Tábìlì?

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Bí a bá ti ní kí àwọn ọmọ àdúgbò rí nǹkan ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn àgbà a ní kí a dúró de olóṣèlú tí yóò ra tábìlì tẹníìsì wá láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ilé tẹ́tẹ́ kò dúró de ẹnì kankan. Ó ti ṣílẹ̀kùn sí oríta.

Wọ́n ní èyí tí káfíńtà bá kàn kò bófin eré mu. Irọ́ ni! Òfin àjọ àgbáyé ní ohunkóhun ni a lè fi ṣe ojú tábìlì, bí bọ́ọ̀lù tí a jù sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 30 bá ti lè ta padà dé nǹkan bí 23 níbi gbogbo lórí rẹ̀. Lóòótọ́, ìdíje ńlá ń bèèrè tábìlì tí àjọ ti fọwọ́ sí. Ṣé ìdíje ńlá la fẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé ni?

Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, ìbú rẹ̀ 5, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 76. Pláíwúùdù ọjà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Ẹ ra mẹ́ta tó nípọn dáadáa. Ẹ gé méjì sí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 4, kí ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 1 lára ìkẹta, kí ẹ fi sí àárín wọn. Ojú ìsopọ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀bá àwọ̀n, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà balẹ̀ sí. Ẹ fi igi gbá a lábẹ́ kó má baà tẹ̀, ẹ kun ún ní ọ̀dà tí kì í dán, kí ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á. Ó parí!

Pákó wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé mẹ́wàá bá dáwó, ta ni yóò rin gbèsè? Ṣebí a ń dáwó aṣọ ẹbí!

Kì í ṣe ẹ̀bùn la kò ní. Segun Toriola àti Funke Oshonaike lọ sí Òlíḿpíìkì nígbà méje-méje; Quadri Aruna wà lára àwọn mẹ́jọ tó kù ní Rio lọ́dún 2016. Tábìlì ló wọ́n wa.

Èmi ti dá tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́?