Ìkòkò Tòmátì Kì Í Ṣe ti Aláìnílẹ̀ Nìkan

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa yìí, láti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó títí dé Ìpókíá àti Ìlaròó, ni ó máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí ẹni tí ó gbin tòmátì sínú ìkòkò tàbí sínú ike ọ̀dà. Wọn a wí pé iṣẹ́ àwọn ará Èkó ni, àwọn tí kò ní ju àgbàlá tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Pé ẹni tí Ọlọ́run fún ní ilẹ̀ kò ní ohun tí ó ń fi ìkòkò ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìwé yìí ni pé àwa gan-an tí a nílẹ̀ ni ó yẹ kí a máa hu tòmátì láti inú kóró, kí a sì máa tọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ìkòkò lẹ́bàá ilé ìdáná, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ni ó ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí tòmátì ọbẹ̀ wa ti ń wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti òkè ọya bọ̀, láti Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà, nínú apẹ̀rẹ̀, lórí ọkọ̀ tí yóò rìn tó 1,000 kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn a pa á, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a fọ́ mọ́ èyí tí ó wà lókè, ìyá tí ó sì ń ra igbá kan lọ́jà ń san owó èyí tí ó rà dànù lójú ọ̀nà pẹ̀lú èyí tí ó gbé délé.

Ọ̀nà tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ọkàn tẹ̀. Ní ọdún 2016, àfòpiná kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ba oko tòmátì òkè ọya jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ní oṣù karùn-ún ọdún náà pé ọ̀rọ̀ náà di pàjáwìrì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè, a kò sì ṣí ti Ìdíìrókò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti lọ ra ohun ọbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní ilẹ̀ Benin wá rí i pé ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ rìn ti di èèwọ̀. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọjà tí ń bọ̀ láti òkè ọya dúró, àwọn obìnrin wa sì ń fi ojú wá tòmátì lọ́jà. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹnì kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tí ó ṣẹ̀, síbẹ̀ ọbẹ̀ wa ni ó gbẹ. Àwọn àgbà wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn lè fi títì ọ̀nà bò mọ́lẹ̀, kò tíì di ti ẹni tí ó ń sè é.

Ẹnìkan lè wí pé, “Tòmátì kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa, àwọn ará òkè ọya ni Ọlọ́run fi í fún.” Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Peru àti Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni tòmátì igbó ti wá; àwọn ará Mẹ́síkò ni wọ́n tọ́ ọ di ohun ọ̀gbìn; àwọn ará Sípéènì sì gbé e kọjá òkun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá bẹ̀rù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé májèlé ni. Àlejò ni ó jẹ́ ní Kánò gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ níhìn-ín. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n ti wá, kò sì sí ẹni tí ó wí pé wọn kì í ṣe tiwa mọ́.

Kí ni ó wá dé tí tòmátì tí a gbìn sí ilẹ̀ wa kì í fi í pẹ́? Ẹ ti rí i rí: igi a dàgbà, a tan òdòdó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í so, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ewé rẹ̀ a rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tutù, ní ọjọ́ mélòó kan ó ti kú pẹ̀lú ewé tútù lára rẹ̀. Àwọn kan a ní ayé ni ó ṣe é. Kì í ṣe ayé. Kòkòrò àrùn kan tí ojú kò lè rí, tí ó ń gbé inú ilẹ̀ tí ó móoru tí ó sì tutù, ni ó gba ara gbòǹgbò wọlé tí ó dí ọ̀nà omi nínú igi náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ gé igi tí ó rọ náà nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú omi tí ó mọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá ń yọ́ jáde bí òwú, àrùn náà ni. Kò sí oògùn tí a lè bù sí i tí yóò fi yè. Ìbátan tòmátì ni ata, ìgbá àti tábà, àrùn yìí sì ń bá gbogbo wọn jà. Nítorí náà ilẹ̀ tí a ti ń gbin ata sí láti ìgbà ayé ìyá àgbà lè ti kún fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi wí pé ìkòkò kì í ṣe ti aláìnílẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ inú ìkòkò ni ilẹ̀ tí a lè yàn, tí a lè wẹ̀ mọ́, tí a sì lè dànù bí ó bá bàjẹ́. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, a lè gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kò lè gbé oko. Ewúrẹ́ tí ó ń jẹ kiri kò sì ní rí i jẹ bí a bá gbé e sórí pèpéle.

Ẹ má ṣe wá owó kóró kiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a ti rí tòmátì tí ó hù fúnra rẹ̀ níbi tí a ń da omi ìfọwọ́ sí lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ohun tí a ń rà ni a ń dà nù lójoojúmọ́. Ẹ mú èso kan tí ó pọ́n dáadáa lára igi tí ara rẹ̀ le jù lọ. Ẹ fún kóró rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú àwo, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 títí yóò fi kan díẹ̀. Ẹ wá fi omi ṣàn án. Kóró tí ó dára a rì, èyí tí kò dára a léfòó. Ẹ sá a sí ibòji lórí àwo, kí ẹ sì fi í sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí. Bí kò bá rí ọ̀rinrin, yóò hù títí di ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra kóró inú páálí tí a kọ F1 sí lára, ẹ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Ẹ jẹ èso rẹ̀, ẹ má ṣe pa kóró rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí à ń pè ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, iṣẹ́ lórí irú àwọn ọ̀gbìn wọ̀nyí ni ó ń ṣe.

Ní ti ìkòkò, ike ọ̀dà tí ó gba omi lítà 15 sí 20 tó fún igi kan. Ẹ lu ihò 5 tàbí 6 sí ìdí rẹ̀, nítorí omi tí kò rí ọ̀nà lọ yóò ra gbòǹgbò. Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n 2 mọ́ ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà pátápátá ìwọ̀n 1, pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀. Ẹ má ṣe bu ilẹ̀ náà ní oko ata. Kí ẹ tó lò ó, ẹ da omi híhó sí i kí ó rin ín délẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Ẹ fi kóró sínú agolo kékeré, kí ó má ṣe jìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10 yóò hù. Nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ 4, tí ó ní ewé 4 tàbí 5, ẹ ṣí i lọ sínú ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì rì í sílẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, nítorí ara igi tí a bò mọ́lẹ̀ náà yóò ta gbòǹgbò. Ẹ fi ọ̀pá tì í. Ẹ gbé e síbi tí yóò ti rí oòrùn fún wákàtí 6 lóòjọ́.

Ẹ máa bomi rin ín ní òwúrọ̀, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ lónìí kí ẹ sì rì í sómi lọ́la. Àìdọ́gba omi ni ó sábà máa ń sọ ìdí èso di dúdú tí ó sì ń mú ara rẹ̀ là. Ẹni tí ó bá ń mu tábà, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án, nítorí àrùn ewé tábà lè ti ọwọ́ ran tòmátì. Bí kòkòrò bá wà lára ewé, ẹ fi ọwọ́ ṣà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán wọ́n ohun tí ọmọ yín yóò jẹ. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi òfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019.

Èmi kò wí pé ìkòkò mẹ́rin yóò bọ́ ilé ńlá, tàbí pé kí a kẹ́yìn sí àwọn àgbẹ̀ òkè ọya tí wọ́n ti bọ́ wa pẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tiwọn pọ̀, ẹ ra tiwọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, nígbà tí tiwọn tán tí owó rẹ̀ sì lọ sókè, ni ìyá ilé máa ń lọ ra èyí tí ó ti rà, tí ó ti hu olú, nítorí kí ọbẹ̀ lè pọ́n. Ohun tí ó ti bu kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, bí ó ti wù kí a sè é tó. Ní àkókò yìí gan-an ni ìkòkò mẹ́rin ní iyì. Bí a bá fi kóró sílẹ̀ ní àárín oṣù kejì, tí a sì ṣí i nípò ní oṣù kẹta, omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ yóò tó o títí òjò yóò fi dé, a ó sì máa ká èso rẹ̀ láti ìparí oṣù karùn-ún lọ.

Nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ yìí siwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn ìjọ wa: kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan hu kóró tòmátì ní oṣù kejì ọdún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gbé igi 2 lọ sílé fún ìyá rẹ̀. Kò ní ná wa ní ju agolo àtijọ́ àti sùúrù lọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Èyí tí yóò jẹ tòmátì nígbà ọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn ni a ti ń tọ́jú rẹ̀.