Géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ni olùtajà fẹ́ fi ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì oníbàárà ní Accra ṣe?

Ẹni tó bá lọ ra ata tàbí aṣọ ní ọjà Makola nílùú Accra, owó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìyálọ́jà tó máa bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i kó tó wọn ata fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ímeèlì, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà káàdì báńkì wà lára ohun tí ilé ìtajà lè béèrè kó tó ta ọjà fún un.

Èwo nínú gbogbo èyí ni ọjà títà nílò lóòótọ́, èwo sì ni àṣejù?

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń béèrè?

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè wọn ni kò nídìí. Lọ́dún 1998, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kó tó gba àlàyé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí wà lára ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ọjọ́ ìbí. Ní ti àdírẹ́sì, báńkì Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì lè fi wé èyí tó wà nínú ìwé wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá káàdì tí wọ́n jí ni. Nítorí owó orí, olùtajà tún ní láti mọ orílẹ̀-èdè tí oníbàárà wà.

Àmọ́ ìlú tiwọn làwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ní lọ́kàn. Ọdún 2017 ni ìjọba Ghana gbé àdírẹ́sì GhanaPostGPS jáde, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Accra ṣì ń fi ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo tó wà nítòsí júwe ilé wọn. Fọ́ọ̀mù òkèèrè kò mọ èyí.

Ohun tí ọ̀rọ̀ Helldivers 2 fi hàn

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Sony kéde pé àwọn tó ra géèmù Helldivers 2 lórí Steam, fún kọ̀ǹpútà wọn, gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì PlayStation Network. Sony ní ààbò àwọn tó ń ṣeré ló fà á. Àmọ́ láti oṣù Kejì làwọn kan ti sanwó géèmù náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé South Africa nìkan ni PlayStation Network kà mọ́ ibi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ghana kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà, Benin àti Togo. Nítorí náà, ohun méjì ló kù fún ẹni tó wà ní Accra: kó pàdánù ohun tó ti sanwó rẹ̀, tàbí kó parọ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn lòun ń gbé.

Wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Àwọn oníbàárà kárí ayé fárí gá, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Sony fi wọ́gi lé àṣẹ náà. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2025, Sony tún kéde pé àkáǹtì náà kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn géèmù rẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n pè ní dandan kì í ṣe dandan rárá.

Ìṣòro kò tíì tán fún ẹni tó ní ẹ̀rọ PlayStation gan-an ní Accra. Bó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, orílẹ̀-èdè mìíràn ló gbọ́dọ̀ mú. Bí wọ́n bá ti àkáǹtì náà pa lọ́la, àlàyé tó kọ síbẹ̀ ni wọ́n lè fi dán an wò, kò sì ní ẹ̀rí pé òun ló ni ín. Ilé ìtajà ló mú kó parọ́, oníbàárà ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí àlàyé bá tú síta ńkọ́?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, àwọn ọ̀daràn já wọ PlayStation Network, ọ̀rọ̀ náà sì kan àkáǹtì mílíọ̀nù 77. Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti ọ̀rọ̀ aṣínà wà lára ohun tó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Èèyàn lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, àmọ́ kò lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí.

Kí ni òfin Ghana sọ?

Òfin ààbò àlàyé ara ẹni ti ọdún 2012, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 843, sọ pé àlàyé tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ pọn dandan, kó bá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mu, kó má sì pọ̀ jù. Ó fún àlàyé àwọn ọmọdé ní ààbò tó jùyẹn lọ. Ó tún kan àlàyé tó ti Ghana jáde, bí ilé iṣẹ́ tó gbà á tilẹ̀ wà lókèèrè. Àjọ Data Protection Commission ló ń mójú tó o.

Kì í ṣe pé ọwọ́ ìjọba kò lè tó àwọn ilé iṣẹ́ géèmù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Epic Games, tó ni Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ torí àlàyé àwọn ọmọdé. Ghana nìkan lè má ní irú agbára yẹn, àmọ́ Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2023, ECOWAS sì ti ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2010. Bí wọ́n bá jọ béèrè, ohùn wọn á ròkè.

Kí àkókò yẹn tó dé, ẹ fi àyè tí kò pọn dandan sílẹ̀ lófo. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì yín pamọ́ sórí àkáǹtì ọmọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi Mobile Money sanwó, ẹ rántí pé láti ọdún 2021 ni Ghana ti ní kí wọ́n so nọ́ńbà fóònù mọ́ Ghana Card. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yín ti gba ohun tó so mọ́ orúkọ yín gan-an.