Irú Nínú Ṣokoléètì

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti sísọ. Ti jíjẹ ni.

Bí a bá dárúkọ ṣokoléètì, èyí tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wa ni èyí tí wọ́n fi bébà dídán wé, tí mílíìkì àti ṣúgà kún inú rẹ̀, tí a ń rà fún àwọn ọmọ nígbà ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J. P. L. Davies ti gbìn ín sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Èkó. Owó kòkó ni a sì fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Síbẹ̀ mo mọ àgbẹ̀ tí ó ti ń sá kòkó láti kékeré títí orí rẹ̀ fi funfun, tí kò tíì fi ẹnu kan ṣokoléètì rí.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé ní Oǹdó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Àǹtí yìí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Ó ń yan kòkó nínú ìkòkò irin, ó ń fọwọ́ bó èèpo rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹní fẹ́ ẹ̀wà, ó sì ń da á sínú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní òkúta nínú, tí yóò lọ̀ ọ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbà á. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ sí ìwọ̀n 31 tàbí 32 kí ó tó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Bí kò bá tètè gbé e sínú kúlà, oòrùn ọ̀sán a sọ ọ́ di ọbẹ̀. Owó àjọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà, ìyá kò sì jẹ́ kí a gbàgbé.

Ohun tí ó sọ ṣokoléètì rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ní àdúgbò ni ohun tí ó ń pò mọ́ ọn: atalẹ̀, ìyèré, ata ṣuyà, àti irú. Bẹ́ẹ̀ ni, irú ọbẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ata ni àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ń fi sí kòkó, mímu ni wọ́n sì ń mu ún. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 1847 ni ilé iṣẹ́ J. S. Fry ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di ohun líle tí a lè ṣẹ́ jẹ. Ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣokoléètì kan tí ń jẹ́ Vosges gbé èyí tí ó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín nínú jáde ní ọdún 2007, wọ́n sì ti ṣe ti kọ́rì àti àgbọn pẹ̀lú. Irú tiwa kò burú jù lọ.

Ó ní kí n wá tọ́ ọ wò, kí n sọ èyí tí òun yóò fi sílẹ̀, nítorí owó kò tó láti máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí yóò tọ́ ṣokoléètì wò kò gbọdọ̀ máa rún un bí ẹ̀pà. Ṣẹ́ ẹ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa a máa dún pọ́. Gbọ́ òórùn rẹ̀. Fi lé ahọ́n, kí o sì pa ẹnu dé. Ìwọ̀n ooru 34 ni ọ̀rá kòkó fi ń yọ́, ara ènìyàn sì tó 37, nítorí náà ẹnu nìkan ti tó. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi ṣan ẹnu kí o tó mú òmíràn.

Ti atalẹ̀ dára. Kòkó ni ó kọ́kọ́ wọlé, atalẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ti ìyèré ni mo fẹ́ràn jù, ó ń ta díẹ̀díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ó sì ń rùn bí ilé ọlọ́mọ tuntun.

Nígbà tí ó ṣí ti irú, àwọn ọmọdé sá jáde. Mo fi lé ahọ́n. Òórùn yẹn ròkè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tu ú. Nígbà tí ó yọ́ tán, ó di ohun kan bí ẹran sísun àti ẹ̀pà yíyan, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Mo tún ṣẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀, tí ó ti ta irú rí lọ́jà, ni ó sọ ìdí rẹ̀ kí n tó lanu: “Tíṣà, ṣé bíbò kọ́ ni a ń bo àwọn méjèèjì ni?”

Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ hóró kòkó tútù wò: ìkorò ni, kò ní òórùn ṣokoléètì rárá. Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí a bò ó sí fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, tí a ń yí i, tí ó ń gbóná fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni adùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Yíyan kàn ń parí rẹ̀ ni. Irú náà, lẹ́yìn sísè àti bíbó, bíbò ni ó sọ ọ́ di irú. Ẹni tí ó bá kánjú ṣí kòkó ní ọjọ́ kejì yóò là á, yóò bá àwọ̀ elésè àlùkò nínú rẹ̀.

Ti ata ṣuyà ni ó ń tà jù. Àwọn obìnrin ọjà ń rà á ní méjì-méjì. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbọ́ ohun kan lábẹ́ ata: èéfín. Mo bèèrè fún èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ju kòkó àti ṣúgà lọ. Èéfín wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ hàn gbangba. Mo ní kí ó kó kòkó wá. A fi ọ̀bẹ là á. Ogún tí a là, mẹ́sàn-án ni ó ní àwọ̀ àlùkò. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ń tà á fún un, inú òjò ni ó sì ti fi iná gbẹ ẹ́.

Mo ní kí ó fi ti ata ṣuyà sílẹ̀ ná, nítorí ata ni ó ń bo àbùkù náà. Ìyá fa ojú ro. “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, èyí tí ń tà ni a ń tà.” Ọmọ kò fọhùn. Èmi náà kò lè sọ pé ìyá kò mọ ọjà.

Ọjọ́ kejì a lọ bá àgbẹ̀ náà. Bàbá ní, “Ẹni tí ń gbé òṣùwọ̀n wá, iye kan náà ni ó ń san lórí èyí tí mo bò fún ọjọ́ mẹ́fà àti èyí tí mo bò fún ọjọ́ méjì. Ta ni yóò san ọjọ́ mẹ́rin yòókù fún mi?” Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí òdodo ni. Bàbá mi sọ fún mi pé kí ìjọba tó tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, gíréèdì kìn-ín-ní ní owó tirẹ̀. Ní ọdún 2024 owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé. Ẹni tí ó bá kánjú nígbà náà kò jẹ̀bi púpọ̀.

Àǹtí ni ó dáhùn. Ó ní òun yóò fi owó lé e lórí kílò kọ̀ọ̀kan, bí bàbá bá bò ó pé ọjọ́ mẹ́fà, tí ó sì sá a sórí ẹní nínú oòrùn. Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi.

Àpò kìn-ín-ní ti dé. Mo là ogún: méjìdínlógún pupa dúdú bí obì gbígbẹ, méjì ṣì ní àwọ̀ àlùkò. Ìyá ní kí n máa là á lọ, ó mú pẹ́ńsù, ó ń ṣírò iye tí yóò máa ta ọ̀kan báyìí.