Ìfòfindè Kò Pa Ìjà

Ọdún 1964 ni Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú sórí ìtàgé n'Ìbàdàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọmọ ìyá sì ń bá ọmọ ìyá yan odì nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú. Eré náà dá lórí ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Akíntọ́lá dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láìpẹ́, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni wọ́n dá dúró o. Oúnjẹ òòjọ́ ọkùnrin náà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ dè. Ibi tí ọwọ́ ìjọba Ìbàdàn kò dé nìkan ló kù fún un. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì.

Ǹjẹ́ ìjà parí? Rárá. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí àwọn alátakò ní èrú ni, wọ́n ń da pẹtiróòlù sórí ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn sójà pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ológun Fájuyì ní Ìwọ̀-Oòrùn tú Ògúndé sílẹ̀ nínú ìfòfindè.

Ìjọba Nàìjíríà tún dán irú rẹ̀ wò nígbà tó ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà lókè òkun kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ìpanilẹ́numọ́ yẹn. Láti ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 ni àwọn kan ti ń pe ẹni tó fẹ́ràn Peter Obi ní ọ̀dàlẹ̀ Yorùbá, tí àwọn mìíràn sì ń pe ẹni tó gbè sẹ́yìn Bọ́lá Tinúbú ní ẹrú olówó. Bẹ́ẹ̀, òfin Nàìjíríà kò tíì fàyè gba ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun láti dìbò. Ẹnu nìkan la ní. Ẹni tó bá ń halẹ̀ ìwà ipá mọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n dá a lẹ́kun kíákíá. Ẹni tí èrò rẹ̀ kàn yàtọ̀ sí ti alága kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdìbò ọdún 2027 ló kàn. Ẹ̀yin alága ẹ̀ka, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ìhà gbogbo ní àkókò kan náà láti sọ̀rọ̀ nípàdé, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.