Àjẹìwẹ̀yìn Owó Ìwé Ọkọ̀

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọmọdé mọ ìtumọ̀ èyí, ẹ má jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Ìjọba tó ń gba owó ìwé ọkọ̀ lòwe náà ń bá wí. Lọ́dún 2025, owó ìwé ìwakọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta di 15,000 náírà, ti ọlọ́dún márùn-ún di 21,000. Awakọ̀ tó ń ná Òmù-Àrán sí Ìlọrin tún gbọ́dọ̀ sọ ìwé ọkọ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún, kó san ti adójútòfò, kó san ti ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì. Inú ọ̀rá ló ká gbogbo rẹ̀ sí, kó lè tètè nà án síta láti ojú fèrèsé bí wọ́n bá ti ní, “Pàtíkúlà dà?” Ìwé pé. Títì wá ńkọ́? Níbi tí kòtò bá ti gba ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè sáré mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ajínigbé ń ba sí. Ẹni tó bá ní ọ̀ràn títì ṣíṣe yàtọ̀ sí ọ̀ràn ààbò kò tíì gba Òmù-Àrán lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Lágbègbè yẹn náà ni àwọn agbébọn ti wọ ààfin Kòrò ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024, wọ́n pa ọba, wọ́n gbé olorì lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kó olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀rúkù. Ta ni yóò wá sanwó ìwé tìdùnnú-tìdùnnú? Ẹlòmíì á ra ayédèrú, ẹlòmíì á fún wọn ní ẹ̀gúnjẹ lójú ọ̀nà, ó tán. Igbá tí ìjọba ń dá rù nìyẹn.

Ọlọ́pàá àti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó làwọn èèyàn sábà ń bú. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní àpò tirẹ̀ tó ń kó owó ìwé ìwakọ̀ sí. Àpò ìjọba ló ń lọ. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó wọ́ rèé: òfin owó orí ọdún 1998 fi owó ìwé ọkọ̀ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin ló ń gbà á. Títì Ìlọrin sí Òmù-Àrán sí Kabba, ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni. Ọlọ́pàá, abala 214 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ẹyọ kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ ní, ti Àbújá náà ni. Ẹni tó gbowó kò ni títì, ẹni tó ni títì kò gbowó, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò sì mọ iye tó wọlé. Ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: ìpínlẹ̀ ló ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, àpò ọ̀tọ̀ ló ń bọ́ sí, látinú àpò náà sì ni púpọ̀ nínú owó táwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ti ń wá.

Wọ́n á ní, bí a bá ya owó ìwé ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún títì àti ààbò, kí ni ilé ìwòsàn yóò jẹ? Bí ẹni pé ilé ìwòsàn ti ń yó láti ìgbà yìí wá! Ohun tó bani lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àpò ọ̀tọ̀ pàápàá ń jò. Ní Britain, Churchill, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, nawọ́ sí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títì lọ́dún 1926. Níhìn-ín, òfin ọdún 2007 ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo fún àtúnṣe títì, kí ìpínlẹ̀ mú ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin ṣì ń béèrè ibi tí owó wà.

Nítorí náà, kí Ìlọrin má dúró de Àbújá. Abala 120 ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó ní kí owó ìpínlẹ̀ bọ́ sínú àpò kan ló tún yọ èyí tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá fi òfin yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Títì tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà káàkiri Ìgbómìnà. Àwọn ọdẹ àti fijilanté wà, tó jẹ́ pé owó tí ará ìlú dá jọ ni wọ́n fi ń ra epo sí ọ̀kadà. Kí wọ́n ya owó ìwé ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún títì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n fi ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa lẹ iye tó wọlé àti ibi tí wọ́n ná an sí mọ́ ògiri ibùdókọ̀ Òmù-Àrán lóṣooṣù.