Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn Nù, Géèmù Wà Lórí Rẹ̀

Láti ọwọ́ ọmọ ọdún 11, kíláàsì àwọn àgbà

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, torí ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, owó yín sì ni.

Ní ìparí táàmù yìí, ilé-ìwé wa fẹ́ ṣe ọjọ́ géèmù. Wọ́n ní kí àwa kíláàsì àwọn àgbà mú géèmù kan tí gbogbo wa máa jọ ṣe, kí kálukú gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Orúkọ géèmù kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ yín ń pariwo. N ò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èrò tèmi ni pé ká má mú un. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè ṣí i, kò sì yẹ kí òbí kankan lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tó wà nílé yín, tí ẹ rò pé ó ti kú yẹn, ó ṣì lè ṣe géèmù dáadáa.

Ẹ wo tiwa. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, àlòkù ni Dádì rà. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ò ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń lo Windows 10 mọ́, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 ló kàn, ṣùgbọ́n ìyẹn ń béèrè ohun kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Tiwa ò ní in. Kò bàjẹ́ o. Ó ń tàn, ó ń kọ̀wé, ó ń dún, bátìrì rẹ̀ nìkan ni kì í pẹ́ tán.

Mo gbọ́ nígbà tí Mọ́mì àti Dádì ń ṣírò owó ní kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ kan. £400 ni wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà tuntun. Inú owó kan náà ni owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá àgbà ní Ìbàdàn ti ń jáde, àti owó bàtà ilé-ìwé àbúrò mi. Wọn ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. (Wọ́n ti mọ̀ báyìí.) Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó wà ní yunifásítì, wá sílé wa pẹ̀lú fláàṣì kékeré kan, ó sì fi Linux Mint sórí kọ̀ǹpútà náà. Kò tó wákàtí kan. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló ń jẹ́ Linux. Òun ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí Windows ṣe ń darí tirẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Helsinki nígbà yẹn, ọmọ ọdún 21. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá se àsáró tó dùn, tó wá ṣílẹ̀kùn kíṣìnì pé kí gbogbo àlejò wọlé wá wo ohun tí òun fi sè é. (Mọ́mì mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀ láé.) Torí pé ó wà ní gbangba, oríṣiríṣi ló ti jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní 2004. Ọ̀rọ̀ Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà. Ara Ubuntu ni wọ́n ti yọ Mint tiwa. Inú mi máa ń dùn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà nídìí ohun tí mo fi ń ṣe géèmù.

Ọmọ kan ní ilé-ìwé tí mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ ní Linux wà fún àwọn tí ò lówó. Mo ní kó dúró ná. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù tó ń wù ú tó yẹn, Linux ló ń darí rẹ̀, £349 sì ni owó èyí tó kéré jù nígbà tó jáde ní 2022. Láti 2017 títí di ìsinsìnyí, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé, Linux ni wọ́n ń lò. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ dádì rẹ̀, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé dádì rẹ̀ náà ò lówó ni?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí géèmù fúnra rẹ̀.

Èyí tí à ń ṣe jù nílé ni SuperTuxKart. Eré ìje ọkọ̀ ni. Tux, ẹyẹ penguin tó jẹ́ àmì Linux, wà lára àwọn awakọ̀ rẹ̀. Èèyàn méjì lè fi kíbọ́ọ̀dù kan ṣe é, àbúrò mi gbá apá òsì mú, èmi wà lápá ọ̀tún. Ọmọ ọdún 7 ni, ó ti nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì sí ẹni tí kò tíì sọ fún. Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ níbẹ̀ nìyí: kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń ta aṣọ fún ọmọ inú géèmù, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ lọ sí òde. Ẹ mọ iye tí ẹ ti san lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Luanti wà pẹ̀lú. Minetest ló ń jẹ́ kó tó yí orúkọ padà ní 2024. Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé níbẹ̀. Èèyàn sì lè fi èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Lua ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀kan tí mo ya àdìrẹ sí lára. Ilé tí mo fi kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dúró dáadáa, Bọ̀ọ̀dá ní ó dà bí àpótí ìṣáná, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Nínú 0 A.D., tó jẹ́ eré ogun ayé àtijọ́, ìjọba Kush wà níbẹ̀, àwọn èèyàn dúdú lẹ́bàá odò Nile. Ọ̀yọ́ ò sí níbẹ̀, torí eré náà dúró ní ìgbà tí Ọ̀yọ́ ò tíì sí. Tí àwọn ọmọ ogun bá ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn Minecraft ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní Java Edition ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Owó ni wọ́n fi ń ra ìyẹn o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan èdè nínú rẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀! Àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn ló túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Windows, ẹ máa rí i níbẹ̀ náà, ẹ lọ wò ó lónìí.

Àwọn géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan ló kù. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí Màmá àgbà bá pè láti Ìbàdàn? Àbúrò mi ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, Màmá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo máa ń jókòó sáàárín. Màmá á sọ̀rọ̀, màá yí i, àbúrò mi á fèsì, màá tún yí i padà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ yẹn gan-an ni Wine ń ṣe láàárín géèmù Windows àti Linux, láti 1993. Ní 2018, iléeṣẹ́ Valve tó ni Steam gbé Proton jáde. Ara Wine ló ti wá, géèmù ló sì gbájú mọ́. Géèmù á ní òun fẹ́ kí Windows ya igi kan, Proton á sọ ọ́ fún Linux lọ́nà tó máa yé e, igi á jáde. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ò lè fún arúgbó lágbára. Kọ̀ǹpútà 2014 ò lè gbé géèmù ńláńlá, ìbáà jẹ́ Windows tàbí Linux ló wà lórí rẹ̀, n ò sì ní tàn yín.

Wàyí o, géèmù tí ẹ ń pariwo yẹn. Kì í ṣe pé Linux ò lè gbé e. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan sí, tó ń wá àwọn tó ń ṣe òjóró. Ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ jìnnà láti wo ohun gbogbo, tó bá sì rí i pé Linux ni, kò ní jẹ́ kó wọlé. Èyí dùn mí o, ẹ má rò pé kò dùn mí. Lálẹ́ Fúráìdé, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bẹ níbẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ní Mọ́ńdè wọ́n á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi á kàn máa mi orí.

Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, Easy Anti-Cheat àti BattlEye, ti sọ láti 2021 pé àwọn lè bá Proton ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni géèmù ló kù tó máa ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan ṣí i. Àwọn kan ṣí i tán, wọ́n tún tì í: Apex Legends (tí kì í ṣe fún ọmọ ọjọ́ orí mi) ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Wọ́n ní àwọn oníjóóró ń gba ọ̀nà Linux wọlé. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ẹni tó bá mọ Linux dáadáa lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn oníjóóró ò sí lórí Windows ni? Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Nígbà tí Bàbá tó ń kọ́ wa ní ayò ọlọ́pọ́n bá mú ẹni tó fi ọmọ ayò pamọ́ sọ́wọ́, ẹni yẹn ni wọ́n máa ń lé dìde. Wọn kì í lé gbogbo ẹni tó wọ irú bàtà tó wọ̀.

Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe lọ́jọ́ géèmù ni pé ká mú SuperTuxKart fún àwọn kékeré, ká mú Luanti fún àwa àgbà. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac, lórí Linux. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá lè jẹ́ ilé Luanti tí gbogbo wa máa wọ̀, a ò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kà á nínú kíláàsì wa, àwa mẹ́rin ni ò lè wọ géèmù tí ẹ ń pariwo yẹn. Ẹ fẹ́ ká jókòó máa wò yín ni?

Ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé géèmù á gba iṣẹ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ wa, Firefox àti LibreOffice wà lórí Mint, iṣẹ́ àṣetiléwá mi ni mo ń fi wọ́n ṣe. Ẹ lè yan kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà níbẹ̀, kí ẹ sì mú ti Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fi tẹ àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí. Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ Timekpr-nExT tó máa ń ka wákàtí ọmọ, tí àkókò bá pé á lé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Eléyìí ni mi ò bá má sọ, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti rí i.

Bọ̀ọ̀dá mi ti gbà láti wá ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Yàrá ẹ̀yìn la máa wà, láti aago 1. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín wá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò àti ìwé yín kúrò lórí rẹ̀ sí ibòmíràn, torí ó máa pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ má gbàgbé ṣájà.